Àlejò Lójú, Kámẹ́rà Ìlú Ló Ń Ríran

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Onílé ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún, kì í ṣe àlejò. Bí àlejò bá lọ jókòó sórí àga baba, tó tẹ ibi tí wọn kì í tẹ̀, tàbí tó bá ẹni tí wọn kì í bá ṣàwàdà ṣàwàdà, òwe náà ni wọ́n fi ń bẹ onílé pé kó fojú fò ó, nítorí kò mọ̀ ni. Ìdáríjì ló wà nínú rẹ̀. Àlejò òde òní ti wá gba òwe náà lọ́wọ́ onílé, ó kó o sínú báàgì pọ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà, ó ń gbé e kiri ayé bí ẹni pé físà ni. Lọ́ńdọ̀nù ni òwe ọ̀hún ti máa ń já a kulẹ̀ jù. Ohun gbogbo tí ìlú náà bá fẹ́ kí àlejò mọ̀ ni wọ́n ti kọ sára ògiri, sójú títì, sára ìlẹ̀kùn, sínú ọkọ̀. Ibi tí wọn kò bá kọ ọ́ sí, ohùn kan á máa sọ ọ́ látinú ẹ̀rọ láìsinmi. Ẹni tó bá ní òun kò rí i, wọn kò ní bá a jà. Ìwé owó ìtanràn ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i.

Orí físà ni àìríran ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí físà bá jáde, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n pe àwọn ààfáà wá ṣàdúà, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, gbogbo ẹbí á ṣe àmín, kò sì ní sí ẹnì kan nínú wọn tó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ti oṣù 6, ọdún 2, ọdún 5 tàbí ọdún 10. Iye ọdún yìí ni àkókò tí ènìyàn lè fi máa wọlé kó máa jáde, kì í ṣe iye àkókò tó lè fi jókòó. Bó ṣe ti ọdún 10 ni wọ́n fún àlejò, kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ nígbàkigbà tó bá wọlé. Kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ owó, ìbáà ṣe kó bá wọn fọ abọ́ nílé oúnjẹ fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ rẹ̀ lè rí i kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 1 títí dé ọdún 10. Síbẹ̀, "wọ́n fún mi ní ọdún méjì" ni ọ̀pọ̀ ń kéde, wọ́n a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ra àwọn ẹ̀rọ ìlọta wọn.

Tí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ ní Heathrow tàbí Gatwick, òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú lè béèrè ohun tí àlejò wá ṣe, ọjọ́ tó máa lò, ẹni tó máa dé sí lọ́dọ̀, ẹni tó ń náwó ìrìn-àjò náà àti iṣẹ́ tó ń ṣe nílé. Ìdáhùn kúkúrú tó jẹ́ òótọ́ ti tó. Àlejò tó gbọ́n jù ló máa ń fi ìtàn kún un. Ìsinmi ló kọ sínú fọ́ọ̀mù, ó wá ń ròyìn ìsìnkú ìyá ọkọ àbúrò rẹ̀ níwájú kàǹtà; fọ́ọ̀mù ọ̀hún sì wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú ẹni tó ń ròyìn fún. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì náà tún wà ńlẹ̀. "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham" kì í ṣe àdírẹ́sì. Nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, orí bébà ló sì yẹ kó wà, nítorí fóònù tó ti ń ya fídíò ìkùukùu láti Ìkẹjà kì í sábà ní iná mọ́ tó bá fi máa gúnlẹ̀.

Àpótí ló kàn. Òwe mìíràn ló ń kó bá àlejò níbí: ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ni àwọn àgbà wí, wọn kò dárúkọ pọ̀nmọ́. Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú fi sí àpótí kan. Nínú àwọn ilé kan, kì í kù síbi tí aṣọ máa wà. Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan gbẹ á wà nínú ọ̀rá dúdú, ọ̀rá dúdú á wà nínú ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn á wà nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì, wọ́n á wá fi téèpù yí gbogbo rẹ̀ po títí kò fi ní jọ ohun tí ènìyàn ń jẹ mọ́. Ìgbà tó bá ti jọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni aṣọ́bodè máa fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ọ̀bẹ kékeré la téèpù, á tú ṣòkòtò, á ṣí ìwé ìròyìn, òórùn á sì jáde wá kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà. Ìgbà yẹn ni ẹni tó kó o wá máa sọ pé òun kò mọ bó ṣe débẹ̀, pé ìyá òun ló di àpótí.

Òfin ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀. Ẹran àti wàrà, àti ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe, kò gbọdọ̀ bá èrò tó ti Nàìjíríà wá wọlé: súyà, kílíṣí, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàrà àwọn Fúlàní. Ti ẹja yàtọ̀. Ènìyàn lè kó ẹja gbígbẹ tàbí ẹja yíyan tó kìlógíráàmù 20 fún jíjẹ ara rẹ̀. Òfin yìí ní ohun tó fà á. Ní 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu jà láàárín ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ náà, ẹran tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù 6 kí àrùn ọ̀hún tó rọlẹ̀, ìwádìí sì tọ́ka sí àjẹkù oúnjẹ tí wọn kò sè jinná kí wọ́n tó fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Àgbẹ̀ tó dúró wo gbogbo agbo àgùntàn rẹ̀ nínú iná kò lè gbọ́ àlàyé pé ẹ̀fọ́ rírò kì í dùn láìsí pọ̀nmọ́.

Pabanbarì rẹ̀ ni pé pọ̀nmọ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá dé Rye Lane ní Peckham, tàbí ọjà Ridley Road ní Dalston, á rí iṣu, ata rodo, ìrù, epo pupa, èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ lórí àtẹ, á sì rí alápatà tó máa bá a gé ṣàkì bó ṣe fẹ́ ẹ. Ìpanu tó na ẹbí lówó iyebíye tí aṣọ́bodè sì dà sínú garawa, owó díẹ̀ ló máa rà á níbẹ̀, Yorùbá sì ni wọn yóò fi ná an.

Kí àlejò tó jáde sí gbangba, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ní ohun tó yẹ kó fihàn ló ń gba ti pupa. Owó tó bá tó 10,000 pọ́ùn tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún wọn. Òògùn tó bá ní tramadol tàbí codeine nínú gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà tó ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá rọra gba ọ̀nà àwọ̀ ewé ti búra pé òun kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, ẹnì kan lè sún mọ́ àlejò, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i létí pé òun ní ọkọ̀, pé òun á gbé e ní pọ́ọ́kú. Àlejò tó jẹ́ pé ní Lagos kò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ibùdókọ̀ kejì á gbé àpótí fún un tọwọ́-tẹsẹ̀. Takisí dúdú nìkan ni òfin gbà láàyè kó gbé èrò tí kò pè é sílẹ̀. Takisí yòókù, àfi kí ènìyàn ti pè é tẹ́lẹ̀. Takisí, èyí tó wọ́n jù lọ, kì í sì í ṣe dandan. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly ti ń dé Heathrow láti 1977, òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2022 yá jù ú lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibùdó abẹ́ ilẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni sókè. Àmì kẹ̀kẹ́ arọ tó wà lórí máàpù ló ń sọ èyí tó ní in, ẹni tí kò bá sì wo máàpù yóò ka iye àtẹ̀gùn pẹ̀lú kìlógíráàmù 23 lọ́wọ́ ọ̀tún àti 23 lọ́wọ́ òsì.

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó bébà tàbí owó ẹyọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti 2014. Káàdì ọkọ̀ Oyster, káàdì báńkì tàbí fóònù ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ènìyàn bá ń wọlé nìkan ló ń kàn án; nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbọ́dọ̀ kàn án nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ṣírò owó ọ̀nà tó jìn jù fún un. Káàdì tó fi wọlé náà ló gbọ́dọ̀ fi jáde. Ẹni tó fi káàdì wọlé tó fi fóònù jáde ti di ẹni méjì lójú ẹ̀rọ, kódà bó jẹ́ pé owó báńkì kan náà ló wà nínú méjèèjì, àwọn ẹni méjèèjì ló sì máa sanwó. Ọkọ àti aya kò sì lè jọ lo káàdì kan. Ìgbéyàwó kò kan ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ká ènìyàn mọ́ inú ọkọ̀ láìkàn án, owó ìtanràn jẹ́ 100 pọ́ùn, wọ́n á gbà á ní ìdajì bó bá san án láàárín ọjọ́ 21. "Àlejò ni mí" kò sí lára ohun tí wọ́n ń rò mọ́ ọn.

Lórí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, apá ọ̀tún ni wọ́n ń dúró sí, kí ẹni tó ń sáré lè gba òsì kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ni ẹbí kan yóò to ara wọn sórí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀kan nínú wọn yóò yíjú sẹ́yìn, tí yóò na fóònù sókè kó lè ya gbogbo wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn léraléra. Àwọn ẹbí náà á rò pé wọ́n ń kí wọn ni, wọ́n á sì máa juwọ́ sí wọn.

Ti títì kò gba àwàdà. Láti 2 oṣù Kẹrin 1972 ni ọkọ̀ Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò lápá òsì. Nítorí náà, ibi tí ojú àlejò kọ́kọ́ ń wò kọ́ ni ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun gàdàgbà kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oríta pé kí ènìyàn wo ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ni àlejò fi ń tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń wo òsì.

Ẹni tó bá ní òun á wakọ̀ fúnra òun á pàdé kámẹ́rà. Láti 2003 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wọ àárín ìlú. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023, ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá burú ju ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ń san 12.50 pọ́ùn lójúmọ́ níbikíbi láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò sí ẹni tó ń nawọ́. Kámẹ́rà á ka nọ́ńbà ọkọ̀, ó parí. Àlejò tó yá ọkọ̀ àtijọ́ àbúrò rẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ kan á ti dé Ìbàdàn, á ti máa ròyìn bí títì wọn ṣe dán tó tí kò sì sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kí ìwé ìtanràn tó dé. Orúkọ àbúrò ló sì wà lórí gbogbo wọn.

Àwọn olè ìlú náà ríran dáadáa. Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ oníná, wọ́n ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó dúró létí títì, pàápàá ẹni tó nà án síwájú tó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Lórí afárá Westminster ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń ta ife mẹ́ta pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré kan. Àwọn tó ń jẹ owó níbẹ̀ jẹ́ ará wọn. Gbájúẹ̀ ni. Àlejò tó dàgbà sí Oshòdì, tó mọ irú eré yìí láti kékeré, á yọ 50 pọ́ùn sílẹ̀, nítorí pé òyìnbó ló ń ta á.

Nípa ìgbafẹ́, ohun tó dára jù ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gbowó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ Oòduà tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà púpọ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ilé Madame Tussauds ni wọ́n lọ, wọ́n to ìlà, wọ́n sanwó gidi, wọ́n dì mọ́ ère ìda àwọn eléré bọ́ọ̀lù àti ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya fọ́tò. Ère tí àwọn baba wọn fi idẹ dà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà nínú ìlú kan náà láìgba kọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó bá a ya fọ́tò nínú ẹbí.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò gba àlàyé: púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n ń fi yí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì padà ní pápákọ̀ ti fowó ṣàánú.

Ìlera ni àlejò ń fojú kékeré wò jù. Ìròyìn tó gbọ́ nílé ni pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwòsàn òyìnbó. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ní ti àlejò, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í gbowó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà tó ni wọn yóò kọ fún un. Gbèsè tó bá tó 500 pọ́ùn, tó lé ní oṣù méjì, ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní físà, ó sì lè dí èyí tó kàn lọ́wọ́. Owó adójútòfò ìrìn-àjò kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n rà fún ìdúpẹ́ físà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 999; ti ìmọ̀ràn ìlera tí kò le jù ni 111.

Ilé tí àlejò dé sí ló kù, ibẹ̀ sì ni òwe ọ̀hún ti ń fara gbọgbẹ́ jù, nítorí Yorùbá ni onílé, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó gba àlejò sílé ní Lọ́ńdọ̀nù ń jí ní aago márùn-ún, ó ń sanwó iná, gáàsì àti omi, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní yàrá rẹ̀ kí àlejò lè rí ibi sùn. Àlejò á tan ẹ̀rọ amúlégbóná dé òpin, á wá ṣí fèrèsé nítorí ooru. Ní àárọ̀, á dín ata. Ilé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń han bí èéfín bá gorí àjà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí fèrèsé ilé ìdáná."

"Kí ló ń ké lókè yẹn?"

"Ata yín ni, mà."

Ìyá á fi ìborùn fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ. Bí kò bá dákẹ́, á gun àga, á yọ bátìrì rẹ̀, á fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kí gbogbo ilé má bàa jóná mọ́lé lóru ti dákẹ́, ọbẹ̀ sì jinná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣọ́ òru: láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méje àárọ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ń fọwọ́ líle mú ariwo, ògiri kan náà ni ilé méjì sì ń lò. Àdúrà tí àlejò ń gbà ní aago méjì òru pé kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún onílé, aládùúgbò ti ń fi í sùn lórí fóònù. Ohun tí onílé fẹ́ kò ju kí àlejò sọ ọjọ́ tó máa lọ, kó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí àti ike tí àwọn bébà ń wọ̀, kó sì ra oúnjẹ wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Onílé kò ní béèrè rẹ̀. Á kàn máa rẹ́rìn-ín ni, á máa ka ọjọ́.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ máa ń tan àlejò jẹ. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ó ń di aago mẹ́sàn-án kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá wọ́n ń dá a padà. Láàárín ìgbà méjèèjì, aago Lagos àti ti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. Ẹni tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí irú ọjọ́ Àìkú bẹ́ẹ̀, kó yáa wo aago lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń kó rìsíìtì jọ láti gba owó orí ọjà padà ní pápákọ̀. Láti 1 oṣù Kìíní 2021 ni wọ́n ti fòpin sí i ní England, Scotland àti Wales, kò sì sí kàǹtà tí wọ́n ń wá. Omi, ìpara àti lọ́fínńdà tó bá wà nínú báàgì ọwọ́ ní àṣẹ tirẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lára ògiri kí ènìyàn tó dé ibi àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n, tó tún ń kọ 23. Àlejò á tú àpótí sílẹ̀ níwájú kàǹtà, á wọ kóòtù mẹ́ta lérí ara wọn, á ti bàtà bọ àpò kóòtù. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, àwọn tó wá sìn ín ni yóò kó o wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ padà sí Peckham.